Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ inú akoto fún ẹni tó ń gun alùpùpù n'Íbàdàn: èwo ni kí n rà?

Díspáàṣì Bódìjà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará mi. Iṣẹ́ díspáàṣì ni mò ń ṣe láti Bódìjà. Mò ń gbé ẹrù lọ sí Àpáta, Challenge, Akóbọ̀, ibikíbi tí wọ́n bá ti pè mí. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń gun báìkì jáde, a lè forí lé Ọ̀yọ́ tàbí kí á gba ọ̀nà Ìwó. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí màá fi máa gbé ìpè oníbàárà láìfọwọ́ kan fóònù, tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì lè fi máa bára wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti rí ti ilé-iṣẹ́ Cardo, mo ti rí ti ilé-iṣẹ́ Sena, mo tún rí àwọn kan láti Ṣáínà tí owó wọn kéré gan-an sí ti àwọn wọ̀nyẹn. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí ọ̀kan. Akoto tó bo gbogbo ojú ni mò ń dé. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ra ohun tí yóò kú kí òjò ọdún yìí tó dá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Ojú Ọ̀nà:
Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó sanwó. Iṣẹ́ méjì lo kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan, ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ kọ́ ni èkejì ń fẹ́. Kí oníbàárà pè ọ́ kí o dá a lóhùn, Bluetooth lásán ti tó fún ìyẹn, ẹ̀rọ tí kò wọ́n pàápàá ń ṣe é. Kí èèyàn mẹ́rin máa bára wọn sọ̀rọ̀ lórí eré, ibẹ̀ lowó ti ń lọ.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Èyí tó ń lo Bluetooth nìkan máa ń so èèyàn pọ̀ ní ìtòtẹ̀léra: ìwọ so mọ́ ẹni kejì, ẹni kejì so mọ́ ẹni kẹta, ẹni kẹta so mọ́ ẹni kẹrin. Bí ẹni kejì bá dúró ra epo ní Mọ́níyà, tí ẹ̀yin yòókù sì ń lọ, ìlà ti já nìyẹn, ẹ ó dúró tún un so. Èyí tí wọ́n ń pè ní mesh kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ inú ẹgbẹ́ ló mọ ara wọn. Bí ọ̀kan bá jìnnà, ohùn á gba ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láàárín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó dúró yẹn bá sì tún lé yín bá, á dara pọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní tẹ nǹkan kan. DMC ni Cardo ń pe tirẹ̀, ó ń gba èèyàn 15. Sena ní ẹgbẹ́ àdáni tó ń gba 24, ó sì tún ní èyí tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí.

Má gba iye kìlómítà ara páálí gbọ́ tán. Cardo sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Packtalk Edge ń dé kìlómítà 1.6 láàárín ẹni méjì, Sena sọ pé 50S tirẹ̀ ń dé 2. Ilẹ̀ gbalasa tí nǹkan kan kò dí ni wọ́n ń sọ. Ìgbì rédíò 2.4 GHz tí wọ́n ń lò kì í la òkè kọjá, kì í sì í fẹ́ràn ilé tàbí ọkọ̀ àjàgbé tó bá wà láàárín. Ìlú olókè sì ni tiwa. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti Mókọ́lá sí Dùgbẹ̀, tàbí kí ẹ gun Mápó láti Bẹẹrẹ, ẹ ó rí i pé bí ẹ kò bá rí ara yín, ẹ kò ní pẹ́ tí ẹ kò fi ní gbọ́ ara yín mọ́. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, láti Mọ́níyà títí dé Fìdítì, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yin mẹ́rin: mesh ti Cardo kò gbọ́ mesh ti Sena. Bluetooth nìkan la lè fi so wọ́n pọ̀, gbogbo àǹfààní tí ẹ torí rẹ̀ náwó á sì lọ. Ẹ jókòó, ẹ fẹnu kò sí orúkọ kan kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan.

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Àwa tí wọ́n ń gbé e wá bá kí á bá wọn dè é mọ́ akoto, a mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ kọ́ ló ní àléébù, ibi tí wọ́n gbé sípíkà sí ni. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ tí báìkì bá ti gbéra, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò.

Sípíkà tó wọ́pọ̀ nínú àwọn tó dára fẹ̀ tó mìlímítà 40. Bó bá yẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan ihò etí ní ìwọ̀n ìka kan, báàsì á lọ, ohùn á rẹlẹ̀, ẹni tó rà á á sì máa rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Bí a ṣe ń dán an wò nìyí. Dé akoto, fi orin sí i, kí o wá fi ọwọ́ ti tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ etí díẹ̀. Bí ohùn bá kún lójijì, sípíkà jìnnà jù, fi fóòmù tó bá a wá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè sún mọ́ etí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí o sún akoto síwájú tàbí sẹ́yìn ló kún, ipò ló ṣì, tú u kí o tún un lẹ̀. Etí ọ̀tún àti etí òsì kì í fi gbogbo ìgbà wà ní ọ̀gangan kan náà nínú akoto, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o wọ̀n. Má sì jẹ́ kó tẹ etí. Ìrora yẹn kì í hàn nínú ṣọ́ọ̀bù, ó dìgbà tí o bá dé e pẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ akoto tó dára ní ojú ihò tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún sípíkà. Bí tìrẹ kò bá ní, má gba ẹnikẹ́ni láyè kó fi ọ̀bẹ gbẹ́ fóòmù funfun líle inú rẹ̀. Fóòmù yẹn ló ń gba agbára ìkọlù kó má bàa dé ọpọlọ. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́, kò sí ààbò níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má ṣe lu ihò sí i nítorí wáyà. Wáyà ń gba abẹ́ tìmùtìmù kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ṣe é bá ní sùúrù.

Ní ti máíìkì, akoto tó bo gbogbo ojú ń fẹ́ èyí kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ inú àgbọ̀n akoto. Èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ ń ká sókè, ń fẹ́ máíìkì ọlọ́wọ́ gígùn. Yẹ inú páálí wò kí o rí i pé èyí tí akoto rẹ ń fẹ́ wà níbẹ̀. Má yọ kànìnkànìn orí máíìkì dànù, òun ló ń pa atẹ́gùn kó tó wọ inú fóònù oníbàárà. Máíìkì ọlọ́wọ́ sì máa ń ní ojú kan tí wọ́n sàmì sí, ẹnu ni ojú náà gbọ́dọ̀ kọ sí.

Ọ̀rọ̀ kan sí àwọn tó ń ka èyí tí akoto wọn jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dé nítorí FRSC. Lọ́dún 2009, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí kò dé akoto, àwọn kan gbé igbá borí jáde lórílẹ̀-èdè yìí. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ. Ẹ fi owó ẹ̀rọ ra akoto gidi ná. ECE 22.06 ni òdiwọ̀n ààbò akoto tuntun tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, tó rọ́pò 22.05, DOT ni ti Amẹ́ríkà. Ẹ wo bó ṣe wúwo tó àti bí okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ṣe lágbára sí, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ sítíkà.

Olùtọ́jú Etí:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ etí wò ni mo wà ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, alùpùpù ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí lára páálí kankan.

Nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà kọ́ ló ń pariwo jù sí yín létí. Tí eré bá ti kọjá nǹkan bí kìlómítà 65 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó ń jà ní ọrùn àti lábẹ́ àgbọ̀n ló ti borí ẹ́ńjìnnì. Akoto tó dára ń dín in kù díẹ̀, kò lè dí i. Ní 100, ariwo inú akoto lè kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 95 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo). Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi 85 fún wákàtí 8 ṣe òdiwọ̀n ohun tí etí lè gbà lóòjọ́. Bí 3 bá lé e, ẹ pín àkókò sí méjì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2, 94 fún wákàtí kan, 97 fún ìṣẹ́jú 30, 100 fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá fi ìyẹn wọn ìrìnàjò Ìbàdàn sí Ìlọrin. Kí ẹ tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, etí ti jẹ ìpín tirẹ̀ fún ọjọ́ náà kọjá.

Kí ni ẹni tó bá ní orin nínú akoto máa ń ṣe? Á gbé ohùn sókè kó lè borí afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 95, orin náà á ti dé ibẹ̀ tàbí kó kọjá ibẹ̀ kó tó dùn létí rẹ̀. Etí kan náà ni méjèèjì jọ ń wọ̀. Àwọn irun tíntìntín tó ń gba ohùn nínú etí lọ́hùn-ún kì í hù padà bí wọ́n bá ti kú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí etí máa hó lálẹ́ nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dàrú mọ́ ẹni náà létí níbi tí èrò bá pọ̀ sí: á gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò ní mọ ohun tí wọ́n wí. Ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa kò mọ̀ pé orí báìkì ló ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín láti rà ṣáájú ẹ̀rọ èyíkéyìí ni fóòmù etí, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò etí. Kò wọ́n rárá. Ẹ fi ìka lọ́ ọ kó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ìka dì í mú títí yóò fi wú padà, ó tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Bó bá wọlé dáadáa, ó lè gé dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ariwo. Ẹ ó ṣì máa gbọ́ hóònù.

Ibi tí èyí ti kan ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà nìyí. Fóòmù á dín afẹ́fẹ́ kù, á dín ohùn sípíkà náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ lè gbé ohùn sípíkà sókè, kò sí ẹni tó lè gbé afẹ́fẹ́ sókè sí i láìsáré sí i. Nítorí náà, sípíkà tó ní agbára tó ṣẹ́kù ni ẹ ń wá, èyí tí ohùn rẹ̀ kì í fọ́ bí ẹ bá gbé e ga. Ìyẹn gan-an ni àwọn tí kò wọ́n sábà máa ń ṣe aláìní. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí kò wọ́n tó ní ojú ihò tí wọ́n lè fi yọ sípíkà rẹ̀, ẹ lè ra sípíkà tó dára nígbà tó bá yá kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Íápíìsì kékeré tó ń wọ inú ihò etí ń dí afẹ́fẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ akoto á máa fà á yọ bí ẹ bá ń dé e, á tẹ etí, ìpè sì lè wọlé tí ọwọ́ kò fi ní dé bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí tó ń gba egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé ohùn, afẹ́fẹ́ á bò ó mọ́lẹ̀ lórí eré, ọwọ́ rẹ̀ tó yí ẹ̀yìn orí ká kì í sì í jẹ́ kí akoto jókòó dáadáa.

Ní ìgboro, ẹ má ki fóòmù sétí. Ní Ìwó Road, ní Ọjọ̀ọ́, ní Bẹẹrẹ, eré kò pọ̀, ohun tí etí yín ń gbọ́ lè gba ẹ̀mí yín là. Ọ̀nà jíjìn ni mo ní lọ́kàn.

Ọlọ́kadà Mọ́níyà:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣé o. Èmi ń gbé èrò láti Mọ́níyà sí Ọjọ̀ọ́ àti Sàngó. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọlọ́kadà gan-an, torí ohun tí mò ń rí lójú títì ń bà mí nínú jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ki fóònù bọ àárín akoto àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Tí fóònù bá fẹ́ yọ̀ bọ́, ọwọ́ kan á fi ọ̀kadà sílẹ̀, èrò sì wà lẹ́yìn. Fífi fóònù dání wakọ̀ lòdì sófin, ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra Bluetooth akoto tí kò wọ́n, sípíkà kan ṣoṣo ni mo dè mọ́ ọn, ní etí ọ̀tún. Nàìjíríà la wà, apá ọ̀tún la ń rìn, apá òsì ni ọkọ̀ tó fẹ́ kọjá ti ń yọ síni. Mo dá etí òsì sí fún wọn àti fún èrò tó fẹ́ ní kí n dúró. Mi ò gbọ́ orin olóhùn méjì, kò sì dùn mí.

Bí ẹ bá fẹ́ràn rédíò bíi tèmi, ẹ béèrè bóyá FM wà nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. FM inú fóònù ń fẹ́ íápíìsì oníwáyà kó tó gbéra, wáyà yẹn ló ń lò bí éríà, èyí tó sì ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ dátà. Àmúlùdùn 99.1 kò jìnnà sí wa níbí, ó ń wọlé kedere. Splash 105.5 náà ń wọlé, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ibi tí ọ̀nà ti dí láàárọ̀. Bí ẹ bá ti jáde kúrò nílùú, kò ní pẹ́ tí yóò máa ya, éríà inú akoto kéré.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọkùnrin. Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ọkọ mi ló ń gùn ún, èmi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Fún àwa méjèèjì, ẹ̀rọ Bluetooth tí wọ́n ń tà ní méjì-méjì ti tó tán. Kò sóhun tó kàn wá pẹ̀lú kìlómítà 2, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Owó tí ẹ̀ bá fi ra mesh, ẹ fi ra akoto tó bo gbogbo ojú fún ìyàwó yín, torí tí iwájú akoto ẹni ẹ̀yìn bá ṣí, atẹ́gùn tó ń wọ máíìkì rẹ̀ ni ẹni iwájú á máa gbọ́ dípò ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo híjáàbù bíi tèmi, sípíkà orí tìmùtìmù ń gba aṣọ kọjá bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́, tí ẹ sì rí i pé kò ká jọ ní ọ̀gangan etí. Ẹni tó bá di irun ńlá, kó gbé orí tó dì yẹn lọ dán akoto wò, torí irun á ti akoto sókè, sípíkà á sì kúrò lọ́gangan etí.

Kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹ ó dákẹ́. Ní tiwa, bí a bá ti súnmọ́ oríta tàbí tí ọkọ mi fẹ́ kọjá lára tírélà, mi ò ní sọ nǹkan kan àfi bí mo bá rí ewu. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí báìkì. Kí ẹ sì ní àmì ọwọ́, lílu èjìká lẹ́ẹ̀kan àti lílu lẹ́ẹ̀mejì, fún ọjọ́ tí bátìrì bá tán.

Ọmọ Mápó:
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí wọn ò ra wọkí-tọkí? Ó ń lọ jìnnà, kò sì wọ́n tó ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Àgbà Ojú Ọ̀nà:
Ìbéèrè tó dára ni, Ọmọ Mápó. Ó ń lọ jìnnà lóòótọ́. Àmọ́ ìgbì rédíò kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti rí owó ra ẹ̀rọ. NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń pín in, wọ́n sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Èèyàn mẹ́rin tó gun báìkì ńlá, tí wọ́n sì gbé wọkí-tọkí kọ́rùn, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní tán bọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìka gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ tó lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo bá fẹ́ kígbe pé "kòtò!", mi ò fẹ́ máa wá bọ́tìnnì.

Díspáàṣì Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìyá wa náà ẹ ṣé. Ọgbọ́n ti kún inú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú mẹ́ta yìí: òjò, iná tí kì í wà, àti àwọn tí ń bọ̀ láti Ṣáínà. Ṣé kí n fọkàn tán wọn?

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀:
Ní ti òjò, wá lẹ́tà IP lára páálí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti eruku, èkejì jẹ́ ti omi. IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé rárá, àti pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Packtalk Edge ní i. Bí o bá rí IPX5, wọ́n ti fi omi títú dán an wò, ṣùgbọ́n X yẹn fi hàn pé wọn kò fún un ní nọ́ńbà kankan fún eruku. Ìwọ tó máa fara kó eruku ọyẹ́ lójú ọ̀nà Ológùnẹ́rù, wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà dáadáa. Bí kò bá sí IP kankan lára rẹ̀, tí wọ́n kàn kọ ọ́ pé omi kò ràn án, má náwó sí i. Rọ́bà kékeré tó bo ojú ihò tí a fi ń gba iná ni kí o máa yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Bó bá ti ya, omi ti rí ọ̀nà.

Iná: ọ̀pọ̀ wọn ń lo USB-C báyìí. Cardo ní Edge ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 13, tí ìyẹn bá tilẹ̀ kù díẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ á parí. Àwọn kékeré kì í tó bẹ́ẹ̀, mesh sì ń jẹ bátìrì ju Bluetooth lọ. O lè de ojú USB mọ́ báìkì láti ara bátìrì 12 V rẹ̀, kí wọ́n fi fíúsì sí i. Má fi ṣájà alágbára tí wọ́n ń lò fún fóònù ńlá gba iná sí àwọn tí kò wọ́n, 5 V lásán ló tọ́ sí wọn. Má sì gbé akoto sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán lórí báìkì. Ooru ló ń pa bátìrì lítíọ́mù kíákíá ju ohunkóhun lọ.

Àwọn ti Ṣáínà, bíi Lexin, EJEAS àti Freedconn, kì í ṣe ayédèrú, ilé-iṣẹ́ gidi ló ń ṣe wọ́n, wọ́n sì ń jíṣẹ́ fún ìpè àti orin ní ìgboro. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ̀yìn ni agbára sípíkà, bí máíìkì ṣe ń ya atẹ́gùn sọ́tọ̀, àti ìdè ara akoto tó máa ń tètè ṣẹ́. Ìyàtọ̀ owó kì í ṣe kékeré, Edge wà ní nǹkan bí dọ́là 400 nígbà tí wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2022. Ayédèrú tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni èyí tí wọ́n kọ Cardo tàbí Sena sí lára tí owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ lọ́nà àràmàǹdà. Ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí o so ó mọ́ áàpù ilé-iṣẹ́ náà lójú rẹ̀. Bó bá kọ̀, máa lọ.

Kí o ra èyí tó ń yọ kúrò lára akoto. Bí o bá wọ ilé oníbàárà, yọ ọ́ sápò. Akoto tó bá kọ́ sórí báìkì ní Ògùnpa, a kì í bá ohun orí rẹ̀ níbẹ̀.

Àgbà Ojú Ọ̀nà:
Mo fẹ́ fi kan kún un fún iṣẹ́ díspáàṣì. Kì í ṣe gbogbo ìpè tó ń wọlé ló yẹ kí o máa bá lọ lórí eré. Sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí o tó gbéra, kí o wá jẹ́ kí Google Maps máa sọ ọ̀nà sí ọ létí. Ó ní ọ̀nà tó yà sọ́tọ̀ fún alùpùpù lórílẹ̀-èdè wa. Oníbàárà tó ń júwe "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, wo ilé aláwọ̀ pupa" nígbà tí o wà lórí eré ń gba ojú rẹ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ wà lórí báìkì. Gbé ìpè náà, sọ pé "mo ń bọ̀, màá pè yín padà," kí o sì dúró síbi tó láàbò kí o tó pè é.

Orin ni èmi àti Olùtọ́jú Etí lè má fohùn ṣọ̀kan lé. Lórí ọ̀nà Èkó tó gùn tó kìlómítà 127, tí oorun sì ń wá, orin ń jí mi.

Olùtọ́jú Etí:
Bàbá, mi ò ní kí ẹ má gbọ́ orin. Ẹ fi fóòmù sétí ná, ẹ gbé ohùn dé ibi tí ẹ ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin nígbà tí ẹ bá ń rọra lọ, kí ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ má tún gbé e sókè mọ́ bí eré bá pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ń gbé ohùn sókè fúnra wọn bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ wọ inú áàpù, kí ẹ pa ìyẹn tàbí kí ẹ fi í sí ìwọ̀n tó kéré jù. Ní ti oorun, orin kì í lé e lọ. Ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rẹjú.

Díspáàṣì Bódìjà:
Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Fún iṣẹ́, màá ra Bluetooth kan tí kò wọ́n báyìí, tó ní IP67, tí sípíkà rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí ọ̀tún nìkan ní ìgboro, bí ọ̀gá Mọ́níyà ṣe wí. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa dá owó jọ fún mesh, orúkọ kan náà la ó rà lọ́jọ́ kan náà. Fóòmù etí ti wà lápò mi láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Dùgbẹ̀, tí mo bá rà á, ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ fúnra mi kí n tó wá?

Oníṣẹ́ Dùgbẹ̀:
Má tíì lẹ nǹkan kan. Bí ó bá ní ìdè tó ń fún mọ́ etí akoto, ìyẹn la ó kọ́kọ́ gbìyànjú, torí ó ṣeé tú. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni akoto rẹ gbà, fi sípírítì nu ojú ibẹ̀ kí ọ̀rá kúrò, kí á lẹ̀ ẹ́, kí akoto náà sì wà nílé di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè mú. Nítorí náà, ọjọ́ tí o kò ní gun báìkì ni kí o wá, tàbí kí o ní akoto mìíràn tí wàá dé lọ sílé.